Àdúrà Inú Kóòtù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú olùdíje tí Ọlọ́run fẹ́, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ lọ bá Díákónì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ti jẹun yó kẹ́ ẹ tó lọ, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í tètè tán. Olùdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́, kì í ṣe ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkọ aya kan. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí. Kò sì gbọdọ̀ jó, àfi tó bá jẹ́ ijó ọpẹ́, ìyẹn náà, láti ìbàdí sókè ni. "Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́run," Díákónì á wí, "kí ló fẹ́ dúró níwájú wa ṣe?" Ó fẹ́ràn gbólóhùn yìí gan-an. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, ó ti sọ ọ́ fún ẹni tó wá ra abẹ́rẹ́, ó sì ti sọ ọ́ fún ọlọ́pàá kan tó kàn yà láti bèèrè ọ̀nà.

Lọ́dún ìbò tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ le rárá lójú Díákónì. Àwọn méjì péré ló ń du ipò káńsẹ́lọ̀ àdúgbò. Ọ̀kan ni Alàgbà, tó ń ta símẹ́ńtì àti irin, tó máa ń jókòó ní ìlà iwájú nínú ìjọ wọn, tó sì jẹ́ pé bó bá ń gbàdúrà, fèrèsé á máa gbọ̀n. Ìkejì ni Ọlọ́tí. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn. Ilé ọtí rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Díákónì gan-an, tó fi jẹ́ pé bí Díákónì bá gbójú sókè nídìí máṣíìnì, orí ìgò lojú rẹ̀ á balẹ̀ sí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń fi ìbínú mímọ́ wo àwọn ìgò yẹn.

Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń bá a rán bọ́tìnnì tó sì máa ń lọ aṣọ, ní èrò tirẹ̀, kì í sì í fi pa mọ́.

"Bàbá wọn, gọ́tà iwájú wa tó dí lọ́dún tó kọjá, ta ló kó o?"

"Mi ò rántí."

"Ẹ rántí. Ọlọ́tí ni, òun àti ṣọ́bìrì rẹ̀. Alàgbà gba ibẹ̀ kọjá, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ní Ọlọ́run á ṣe é."

"Ọlọ́run náà ló sì ṣe é," ni Díákónì dáhùn. "Ọlọ́run lè lo ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ò ní ká dìbò fún un."

Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti gbọ́. Ó fi eyín já òwú, ó sì ń bá bọ́tìnnì rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Alàgbà gbé aṣọ dúdú dídán kan wá pé kí Díákónì fi rán kóòtù tí òun máa wọ̀ kiri fún ìpolongo. Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́tí sọdá títì pẹ̀lú aṣọ kan náà gẹ́lẹ́, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta aṣọ kóòtù tó dáa lágbègbè yẹn. Ó kí Díákónì, Díákónì kò jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló fa tépù yọ, ó wọn àyà rẹ̀, ó wo tépù, ó tún un wọ̀n. Íǹṣì mẹ́rìnlélógójì, bíi ti Alàgbà. Ó wọn apá, bákan náà. Ó wọn ìbàdí, bákan náà. Inú bí i sí tépù. Kò yé e ìdí tí Ọlọ́run fi máa fún ẹni mímọ́ àti ẹlẹ́ṣẹ̀ ní àyà kan náà.

"Ṣé ẹ máa rán an fún un ni?" ìyàwó rẹ̀ bèèrè nígbà tí ọkùnrin náà ti lọ. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò lè dáhùn ìkíni rẹ̀?"

"Màá rán an fún un," Díákónì wí. "Màá sì rán nǹkan mọ́ ọn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Díákónì ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ àfi ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣe télọ̀, kò sí kóòtù tó rán tí kì í fi àdúrà sí. Á ya bébà pélébé láti inú ìwé tó ní ìlà búlúù, á kọ àdúrà sí i lọ́wọ́ ara rẹ̀, á sì tì í sí igbá àyà òsì, sáàárín aṣọ òkè àti aṣọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó wà nínú. Kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ó ní Ọlọ́run ṣáà mọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó ń gbà fi í síbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí: á kúnlẹ̀ sídìí tábìlì, á di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin, á gbàdúrà títí òógùn á fi bò ó, lẹ́yìn náà, láìlajú, á ti bébà náà bọnú aṣọ, á sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Ó ní ọwọ́ òun lójú. Ó ní ẹni tó bá lajú nígbà àdúrà, ayé ló ń wò.

"Bàbá wọn," ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, "bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

"Ẹkún kọ́ là ń sọ, Ìyá wọn. Àdúrà ni."

Nígbà tí kóòtù méjèèjì kù díẹ̀ kó parí, ó jókòó, ó sì kọ bébà méjì. Ti Alàgbà lọ báyìí: "Olúwa, bá ẹni tó wọ aṣọ yìí rìn. Bí gbogbo ayé bá kẹ̀yìn sí i, Ìwọ má kẹ̀yìn sí i. Jẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ Rẹ lòun náà." Ti Ọlọ́tí lọ báyìí: "Olúwa, já ẹni tó wọ aṣọ yìí kulẹ̀. Tú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un ká. Àga tó ń wò yẹn, má jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kàn án." Ó kà á tán, ó rí i pé ó ku nǹkan kan, ó sì kọ "kíákíá" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ó tẹ́ kóòtù Alàgbà sápá ọ̀tún tábìlì, ó tẹ́ ti Ọlọ́tí sápá òsì. Ó di bébà ìbùkún mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di ti èpè mú lọ́wọ́ òsì, ó kúnlẹ̀, ó sì dijú. Àdúrà Alàgbà kò pẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ Alàgbà àti Ọlọ́run ti dán mọ́rán tẹ́lẹ̀. Ti Ọlọ́tí ló pẹ́. Bó ṣe ń jà fitafita lórí ìyẹn lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná wọlé. Ó kó kóòtù méjèèjì, ó lọ apá wọn dáadáa, ó sì tẹ́ wọn padà sórí tábìlì. Èwo ló fi sọ́tùn-ún, èwo ló fi sósì? Kò mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó já mọ́ nǹkan. Díákónì gbọ́ nígbà tí omi ṣe ṣìì lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó rò pé Ẹ̀mí ló ń rìn nínú ilé, ó sì túbọ̀ gbóhùn sókè.

Nígbà tó ṣe àmín, ó ti ọwọ́ ọ̀tún sí ọ̀tún, ó ti ọwọ́ òsì sí òsì, ó rán ẹnu méjèèjì pa kó tó lajú. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó wo àmì tó so mọ́ ọrùn kóòtù kọ̀ọ̀kan, ó sì fún kálukú ní tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ọlọ́tí sọdá títì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ kan ní ìkúùkù lórí eékún.

"Díákónì," ó wí, "mo rí nǹkan nínú kóòtù."

 Díákónì wo ẹnu ọ̀nà, ó wo àlùmọ́gàjí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kàn ń wo bọ́tìnnì.

"Ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láyà mi ni. Mo rò pé bébà tẹ́ ẹ fi gé aṣọ lẹ gbàgbé síbẹ̀, ni mo bá fi abẹ tú u." Ó la ọwọ́ rẹ̀. Ó ka bébà náà síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti kà á nígbà púpọ̀ tí kò sì fẹ́ kó tán. "Bí gbogbo ayé bá kẹ̀yìn sí i, Ìwọ má kẹ̀yìn sí i. Jẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ Rẹ lòun náà."

Díákónì ń tẹ máṣíìnì, bẹ́ẹ̀ kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Ọdún mọ́kàndínlógún la ti kọjú síra wa. Mo rò pé ẹ kórìíra mi ni." Ó tẹ́ bébà náà sórí eékún. "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún mi rí, àfi ẹni tí mo bá kọ́kọ́ gbé ọtí fún. Ẹ̀yin kọ tiyín, ẹ rán an pa, ẹ ò sì ní in lọ́kàn láti sọ fún mi." Ó dìde, ó sì ká bébà náà sínú àpò àyà rẹ̀. "Mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yìn ni màá jókòó sí. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní mú ìgò dání."

Ó sọdá títì padà. Ìyàwó rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá wọn. Bó bá jẹ́ pé èyí ló wà nínú ti Ọlọ́tí, kí ló wà nínú ti Alàgbà?"

Díákónì kò dúró mú fìlà. Ó sáré dé ilé Alàgbà, wọ́n ní Alàgbà ti wọ kóòtù tuntun jáde lọ polongo ìbò. Ó padà lọ ní Àbámẹ́ta, wọ́n ní Alàgbà wà nínú ààwẹ̀, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó ránṣẹ́: kí Díákónì má ṣe pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, nǹkan ń bẹ. Ní gbogbo òru yẹn, Díákónì kò gbàdúrà. Ẹ̀rù ń bà á pé kí Ọlọ́run má tún lọ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, Alàgbà gun orí pẹpẹ pẹ̀lú kóòtù lọ́wọ́, inú kóòtù náà ti ya. Ó na bébà kan sókè. Ó kà á láti òkè dé "kíákíá", gbogbo ìjọ sì mí kanlẹ̀.

"Wọ́n rán ìṣubú mọ́ mi láyà," Alàgbà wí. "Díákónì wa ló rán kóòtù yìí, ẹni Ọlọ́run sì ni Díákónì. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi ara yín léèrè: ta ló kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Díákónì? Ta ló lè yọ́ sọdá nígbà tí wọ́n bá lọ jẹun?"

Gbogbo orí yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́tí wà níbẹ̀ nínú kóòtù tirẹ̀, lórí àga tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan bíi ti ọmọ iléèwé.

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ni Alàgbà wí. "Ọwọ́ tó kọ ọ́, kí ọwọ́ náà rọ!"

"Àmín!"

"Ọwọ́ tó rán an mọ́ ọn, kí ọwọ́ náà rọ!"

"Àmín!"

Ọwọ́ kan náà ni, Díákónì sì ti fi í sábẹ́ apá kejì. Ó gbìyànjú láti ṣe Àmín kí wọ́n má baà wo òun, ṣùgbọ́n ètè nìkan ló fi ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ sí i létí. "Ṣé ọwọ́ yín ṣì ń gbé?" ló rọra bèèrè. Mo rò pé ìwà ìkà ni, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń kìlọ̀ tipẹ́.

"Ẹni tó jókòó láàárín wa, tó mọ̀ nípa rẹ̀, tó sì dákẹ́," Alàgbà tún wí, "kí ahọ́n rẹ̀ gan!"

Ìyẹn ló gba ẹ̀rín lẹ́nu ìyàwó Díákónì.

Pásítọ̀ gbé ọwọ́ sókè kí ariwo lè rọlẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀yìn. "Arákùnrin, ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

Ọlọ́tí dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí àpò àyà. Ojú rẹ̀ sì wà lára bébà tí Alàgbà nà sókè: ìlà búlúù kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Díákónì rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó rí i bí ojú ọkùnrin náà ṣe kọ́kọ́ ṣí, tó sì wá wálẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá pa iná nínú yàrá. Bó bá yọ bébà tirẹ̀ nísinsìnyí, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Alàgbà, ọ̀rọ̀ parí, Díákónì di ìtàn. Ọlọ́tí wo Díákónì. Lẹ́yìn náà ló yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Kò sí nǹkan kan nínú ọwọ́ rẹ̀.

"Pásítọ̀," ó wí, "mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ."

"Ẹ rí i bí?" Alàgbà wí. Kùn-ùn-kùn-ùn bẹ̀rẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú un jáde.

Ìbò ku ọjọ́ mẹ́fà. Lẹ́yìn irú èyí, ta ló tún máa dìbò fún Ọlọ́tí? Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un máa tú ká, ìdí rẹ̀ ò ní kan àga, kíákíá sì ni. Gbogbo ohun tí Díákónì kọ ló ń ṣẹ níṣojú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe kọ ọ́. Kó kàn ṣáà pa ẹnu dé, àdúrà rẹ̀ gbà nìyẹn. Kò tíì sí àdúrà tó tì í lójú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Pásítọ̀ rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ní kó máa wí.

"Rárá o," Díákónì wí. "Ọwọ́ náà ni mò ń fi hàn yín. Òun ló kọ ọ́. Òun náà ló rán an." Kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. "Alàgbà, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́ ṣépè fún. Òun ni. Mo dijú, mo sì pààrọ̀ wọn. Ìbùkún tiyín wà ní àpò rẹ̀, ó lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kò sì fẹ́."

 Pásítọ̀ la ẹnu, ó pa á dé, nítorí kò mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ náà ló yẹ kó kọ́kọ́ bínú sí. Alàgbà ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Àwọn Àmín tá a ti ṣe ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká dá wọn padà," Pásítọ̀ wí. Kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá Àmín padà. Àwọn kan mi orí, àwọn kan húkọ́, ẹnì kan láàárín àwọn akọrin sì bú sẹ́rìn-ín, ó yára sọ ọ́ di orin. Nígbà tí wọ́n máa fi yíjú sẹ́yìn, Ọlọ́tí ti lọ. Ó ká kóòtù rẹ̀ sórí àga, bébà ìbùkún sì wà lápò kóòtù náà.

Wọ́n ní kí Díákónì fi ìjókòó iwájú sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kò jiyàn. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó gbé kóòtù náà lé apá, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mọ́tò kankan ò bọ̀," ìyàwó rẹ̀ wí láti inú ilé. "Ẹ sọdá."

Ó sọdá. Àwọn mẹ́ta tó jókòó nínú ilé ọtí rí Díákónì tó ń wọlé ní ọ̀sán gangan, wọ́n sì sáré gbé ife wọn sábẹ́ tábìlì. Ọlọ́tí ń nu orí káńtà. Kò dáwọ́ dúró.

"Kí ni kí n gbé fún yín?"

"Omi."

Ó gbé omi fún un. Díákónì tẹ́ kóòtù náà sórí káńtà. "Mo mú aṣọ rẹ wá."

"Àdúrà inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi."

"Mo mọ̀. Mo ti fún ẹni tó ni ín." Díákónì mu omi, ó sì fa bébà pélébé kan àti báírò yọ. Bébà náà kò tíì ní nǹkan kan lára. Ó tẹ báírò mọ́ ọn, ó dúró, ó sì gbé ojú sókè. "Kí ni orúkọ rẹ?"

Ọlọ́tí dáwọ́ dúró báyìí. "Ẹ ò mọ orúkọ mi?"

"Mo mọ iye íǹṣì tí àyà rẹ jẹ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ."

Ọkùnrin náà sọ ọ́ fún un. Díákónì kọ ọ́ sókè bébà náà gedegbe, orúkọ àkọ́kọ́ tó máa kọ sí bébà àdúrà láyé rẹ̀, ó sì kọ ìyókù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò tíì sọ pé màá dìbò fún ẹ o," ó wí, kò gbójú sókè.

"Èmi náà ò tíì sọ pé màá padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Díákónì yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára kọ́là rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sáàárín àwọn páálí ìgò. Àwọn ọ̀mùtí mẹ́ta tó wà níbẹ̀ dijú, nítorí ọmọlúàbí ni wọ́n. Díákónì náà fẹ́ dijú, ó ti di ojú dé ìdajì, ló tún là á. Ó ń gbàdúrà, ó ń rán aṣọ, ó sì ń wo ojú ẹni tó ń gbàdúrà fún. Ìgbà yẹn ló tó rí i pé irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti funfun.